Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Apọfọ̀ Fi Idán Yí Ọkàn Ẹlòmíràn Padà?

Bí ènìyàn bá ní agbára láti mú kí ẹlòmíràn gba ohun tí òun fẹ́ láìjiyàn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó lò ó? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tòní. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ní orúkọ fún oògùn tí a ń pè ní gbẹ́tugbẹ́tu. Wọ́n ní bí ẹni tí ó ní in bá pàṣẹ, ẹni tí ó pàṣẹ fún kò lè kọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìtàn àwọn baba wa ni èmi ti kọ́kọ́ fojú kojú pẹ̀lú ìbéèrè náà. Orí tábìlì ni, níbi tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ṣe eré kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Mo ń ṣẹ̀dá apọfọ̀ kan, mo sì ní láti yan idán mẹ́fà tí yóò wà nínú ìwé rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, n ó sọ bí eré náà ti rí ní ṣókí, n ó fi ibi tí ìbéèrè náà ti yọjú hàn, n ó gbé àwíjàre tọ̀tún-tòsì yẹ̀ wò, n ó sì sọ ìdí tí mo fi gbà pé kò tọ́, àfi ní ibi kan ṣoṣo.

Orúkọ eré náà ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 1974. Kò dà bí lúdò tàbí ayò ọlọ́pọ́n tí ẹnì kan ti ń borí ẹnì kejì. Ohun tí a nílò ni bébà, pẹ́ńsù, ìwé òfin, àti dáìsì oríṣiríṣi, láti orí olójú mẹ́rin títí dé olójú 20. Ẹnì kan ni olùdarí eré. Òun ni ó ń ròyìn ìlú, igbó, ihò àpáta àti àwọn tí ń gbé inú wọn. Àwa yòókù, ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Bí olùdarí bá ní, “Ẹ ti dé ẹnubodè ìlú, oníbodè sì dínà mọ́ yín,” àwa ni yóò sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wa ṣe. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá lè yọrí sí rere tàbí kí ó kùnà, a ó ju dáìsì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ rí yóò mọ bí ó ti ń rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tí ń gbọ́ àlọ́ yìí ni wọ́n ń pinnu ohun tí Ìjàpá yóò ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ó wà ní yunifásítì ni ó mú ìwé òfin náà wálé nígbà ìsinmi. Òun ni olùdarí wa. Àwa márùn-ún ni a sì máa ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí a bá ti parí iṣẹ́ ilé.

Kí n tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti tú. Wizard ni ìwé òfin ń pe irú ẹ̀dá-ìtàn tí mo fẹ́ ṣẹ̀dá. Nígbà tí mo wá orúkọ rẹ̀ ní èdè wa, mo rí i pé Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ alágbára láìdá a lẹ́jọ́. Bí mo bá pè é ní oṣó, ìyá mi yóò ní kí èmi àti eré mi bọ́ síta, nítorí ẹni ibi ni a mọ oṣó sí. Bí mo bá pè é ní onídán tàbí pidánpidán, ẹni tí ń dá àwọn èrò lára yá ní gbàgede ni yóò sọ sí wa lọ́kàn. Bí mo bá pè é ní adáhunṣe, ewé, egbò àti ìwòsàn ni a ó rò. Apọfọ̀ ni mo mú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ohun èlò rẹ̀, a kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni rere ni tàbí ẹni ibi títí a ó fi rí ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo rí kọ́ nìyẹn: àwọn tí ó ni èdè yìí kò wo agbára nìkan kí wọ́n tó sọ ènìyàn lórúkọ, wọ́n wo ohun tí ó ń fi agbára náà ṣe.

Ìwé òfin fi àyè sílẹ̀ fún oríṣiríṣi apọfọ̀, ibi tí agbára wọn ti wá ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Sorcerer ni ẹni tí a bí agbára mọ́. Warlock bá ẹ̀dá alágbára kan dá májẹ̀mú, ó sì gba idán lọ́wọ́ rẹ̀. Cleric gba tirẹ̀ lọ́wọ́ òrìṣà tí ó ń sìn. Wizard kò ní nǹkan kan ju ìwé lọ: ó jókòó, ó kàwé, ó kọ idán sínú ìwé rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ sórí láràárọ̀. Èmi tí mo wà ní SS3, tí ìdánwò WAEC ń dúró dè, kò ṣòro fún mi láti mọ èyí tí ó jọ mí. Mo sọ apọfọ̀ mi ní Àbẹ̀ní.

Lẹ́yìn èyí ni a ń pín máàkì. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́fà tí a fi ń wọ̀n ọ́n: agbára ara, ìyára, ìfaradà, làákàyè, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra. Nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún eré náà tí ó jáde ní 2014, ọ̀nà kan ni pé kí a pín 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 sí orí wọn bí ó bá ti wù wá. Ẹnikẹ́ni kò lè ní 15 lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo fi 15 sí làákàyè Àbẹ̀ní, mo sì fi 8 sí agbára ara, nítorí náà bí ó bá gbé garawa omi, ọ̀nà á jìn sí i. Ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá kò yi: dáìsì olójú mẹ́fà ni a fi ń ṣírò ẹ̀mí Wizard, nígbà tí ó jẹ́ pé olójú 12 ni ti jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Barbarian. Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó lè pe idán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, agbára tí a fún un kò ju ti idán ńlá méjì lọ kí ó tó sinmi. Gygax mú ìlànà yìí láti inú ìtàn tí Jack Vance kọ, níbi tí apọfọ̀ ti ń kọ́ idán sórí, tí ó sì ń gbàgbé rẹ̀ bí ó bá ti lò ó tán.

Idán mẹ́fà ni Wizard tuntun ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Mo yan márùn-ún láìronú púpọ̀: ọfà tí kì í tàsé, asà, ìhámọ́ra, idán tí ń mú ọ̀tá sùn, àti èyí tí ń fi ibi tí idán wà hàn. Ó wá ku ọ̀kan. Méjì ni ó sì ń bá ara wọn du àyè náà.

Èkíní ni mo sọ ní ìsọdọ̀rẹ́. Bí Àbẹ̀ní bá pè é sí ènìyàn, tí ẹni náà kò bá lè kọ̀ ọ́, fún wákàtí kan gbáko ni yóò fi máa wo Àbẹ̀ní bí ọ̀rẹ́ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni mo sọ ní ìgbédè. Fún wákàtí kan, Àbẹ̀ní yóò gbọ́ ìtumọ̀ èdè yòówù tí wọ́n bá sọ sí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè fi èdè náà fèsì. Ẹ wò ó bí wọ́n ti jọra tó: wákàtí kan ni ti èkíní, wákàtí kan ni ti èkejì, ipò kìíní ni àwọn méjèèjì wà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ń mú kí ẹlòmíràn gbọ́ tèmi, èkejì ń mú kí èmi gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi tí ó ń ṣe jagunjagun kò rí ohun tí mo ń rò sí. Ó ní, “Idà tèmi, bí mo bá fi kan oníbodè, ó kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè ní aya àti ọmọ nílé. Idán tìrẹ, wákàtí kan péré ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹkún. Èwo ló burú jù nínú méjèèjì?” Ó tún ní, “O ti gba idán oorun. Ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí o fẹ́ mú sùn ni?”

Àwíjàre yìí lágbára, kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú eré wa, ìwà ipá wọ́pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí Wizard bá dàgbà dé ipò karùn-ún, ó lè kọ́ idán bọ́ọ̀lù iná tí ń jó gbogbo ohun tí ó bá wà láyìíká ibi tí ó bọ́ sí. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ẹni tí ó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Bí a bá fi ìsọdọ̀rẹ́ ṣe ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù iná, tí a sì bi mí pé èwo ni yóò pa ènìyàn díẹ̀, n kò ní pẹ́ kí n tó dáhùn.

Ṣùgbọ́n iye òkú nìkan kọ́ ni a fi ń wọn ibi. Ẹ jẹ́ kí a wo oníbodè náà dáadáa. Bí jagunjagun bá yọ idà sí i, ó mọ̀ pé ọ̀tá dé. Ó lè jà, ó lè sá, ó lè pariwo, ó lè kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó bá ṣe, òun ni ó ṣe é. Bí mo bá mú un sùn, mo dá a dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fi í ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ó bá jí, yóò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé oorun àìròtẹ́lẹ̀ ni ó gbé òun lọ. Ìsọdọ̀rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ oníbodè fúnra rẹ̀ ni yóò yí kọ́kọ́rọ́, ẹnu rẹ̀ ni yóò wí pé “ẹ káàbọ̀.” Ní ọ̀la, bí ọba bá bi í pé, “Ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn?” kí ni yóò wí? Òun ni. Bí wọ́n bá lé e lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí wọ́n tì í mọ́lé, ẹ̀ṣẹ̀ tí àwa dá ni yóò máa rù. Idà gba ẹ̀mí rẹ̀, èyí sì burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìsọdọ̀rẹ́ gba orúkọ rẹ̀, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ wa.

Àwọn tí ó kọ ìwé òfin pàápàá mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí wákàtí náà bá ti pé, ẹni tí a pe idán sí yóò mọ̀ pé wọ́n fi idán mú òun, yóò sì mọ ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Owó rẹ̀ lè pé lápò. Síbẹ̀ yóò mọ̀ pé wọ́n ti wọ ibi kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ láìkàn ìlẹ̀kùn.

Nílẹ̀ wa, a kò nílò ìwé òfin eré kí a tó mọ èyí. Nínú ìtàn àti nínú fíìmù, mélòó nínú wa ni ó ti rí ẹni tí wọ́n lo gbẹ́tugbẹ́tu fún, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tán, tí ó sì dúpẹ́? Ẹ wo oògùn ìfẹ́ náà. Àwọn tí ó gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ kì í sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn lò ó fún ọkọ tàbí aya àwọn. Bí ìfẹ́ náà bá jẹ́ ohun rere, kí ló dé tí a fi ń fi ọ̀nà tí a gbà rí i pamọ́? Èmi kò sọ pé oògùn náà ń jẹ́ tàbí kò jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ń fi í pamọ́ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé bí ẹnì kejì bá mọ̀, kò ní gbà.

Immanuel Kant, ọlọ́gbọ́n ará Jámánì, kọ ìwé kan ní ọdún 1785 nípa ohun tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwà rere. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó tẹnu mọ́ níbẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ lo ènìyàn bí ohun èlò lásán, nítorí ènìyàn ní ìdí tirẹ̀ àti ìpinnu tirẹ̀. Mo rò pé oníbodè wa yóò yé Kant. Àwa márùn-ún wo oníbodè, a kò rí ènìyàn, kọ́kọ́rọ́ tí ó ní ẹsẹ̀ ni a rí.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé: ṣé gbogbo ẹni tí ó bá yí ọkàn ẹlòmíràn padà ni ó ṣẹ̀ ni? Ìyá ń yí ọkàn ọmọ padà, olùkọ́ ń yí ti akẹ́kọ̀ọ́, ìyá alátà ní ọjà ń yí ti oníbàárà. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ ní agbára, bí a kò tilẹ̀ pe ọfọ̀ kankan. Níbo wá ni ààlà wà?

Eré náà ni ó fi ààlà ọ̀hún hàn mí. Bí Àbẹ̀ní bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lásán yí oníbodè lọ́kàn padà, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó wí, kí gbogbo tábìlì gbọ́. Lẹ́yìn náà, n ó ju dáìsì olójú 20. Ó lè bọ́ sí rere, ó sì lè kùnà. Oníbodè gbọ́ ìdí tí mo mú wá, ó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè rí àbùkù inú rẹ̀, ó lè ní “rárá.” Ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ báni sọ̀rọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé a lè kọ òun. Gbígbà yẹn ni ọ̀wọ̀. Apọfọ̀ tí ó pe ìsọdọ̀rẹ́ kò fẹ́ gbọ́ “rárá” ni ó ṣe pè é.

Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rán mi létí pé ìwé òfin fún oníbodè ní àyè láti ju dáìsì tirẹ̀, kí ó fi ọgbọ́n rẹ̀ kọ idán náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjàkadì tí a kò mọ̀ pé a wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìjíròrò. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ó ń kọ̀. Ẹni tí mo pe idán sí, bí ó bá ṣubú, á rò pé inú òun fúnra òun ni ìfẹ́ náà ti sun jáde.

Àwọn méjì kan wà tí yóò fẹ́ kí n pa ìwé mi dé níhìn-ín. Èkíní ni ẹni tí ó ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí oníbodè, kò sí Àbẹ̀ní, kí ló wá kan ìwà rere? Mo gbà pé oníbodè kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yan idán wà, èmi ni. Ohun tí mo bá fi ọkàn mi dánra wò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kò ní ṣàjèjì sí mi ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè. Èkejì ni ẹni tí ó ní eré tí a ti ń dárúkọ idán, ẹ̀kọ́ àjẹ́ ni. Kì í ṣe àwọn òbí wa nìkan ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ òbí àti oníwàásù ni wọ́n gbógun ti eré yìí pé ọ̀nà èṣù ni. Èmi bọ̀wọ̀ fún àníyàn òbí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó pe ọfọ̀ kan rí ní tábìlì yẹn. Ohun tí a ṣe ni pé a jiyàn fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan lórí bóyá ó tọ́ láti rẹ́ ẹni tí kò tilẹ̀ sí jẹ. Bí mo bá jẹ́ òbí, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni n ó fẹ́ kí ọmọ mi wà nínú rẹ̀.

Nítorí pé láyé gidi, ta ni nínú wa tí kò ní ìsọdọ̀rẹ́ tirẹ̀? Ọmọ kan mọ̀ pé bí òun bá ti bú sẹ́kún níwájú àlejò, bàbá òun yóò fún òun lówó. Òbí kan ní, “Bí o kò bá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, a jẹ́ pé o fẹ́ pa mí nìyẹn,” ọmọ sì gbà. Kì í ṣe pé ó rí ìdí kan tí ó yè kooro, ẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ ni ó mú un. Ọ̀rẹ́ kan sún mọ́ni nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ní, “Bí o bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi lóòótọ́, o ó ṣí ìwé rẹ sílẹ̀.” Olóṣèlú pín ìrẹsì ní ọ̀la ìdìbò. Fóònù wa pàápàá ní tirẹ̀: bí fídíò kan bá ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí á tó rántí bi ara wa pé ṣé a ṣì fẹ́ wò ó. Kò sí ẹni tí ó fi idà kàn wá nínú gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n yí ibi tí a ti ń ronú ká, wọ́n sì lọ gba ibi tí ẹ̀rù, ìtìjú tàbí ìfẹ́ ti rọ̀ jù lọ lára wa wọlé.

Mo ti sọ pé ibi kan ṣoṣo wà tí n ó ti gbà á láyè. Bí ẹnì kan bá gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́, tí ó fẹ́ fi iná sí ilé tí àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, tí kò sí àyè fún ọ̀rọ̀, ìsọdọ̀rẹ́ sàn ju idà lọ, ó sì sàn ju kí á máa wòran lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó gbọ́dọ̀ pé: kí ó jẹ́ pé ẹ̀mí ni a fẹ́ gbà là, kì í ṣe pé a fẹ́ kí ọ̀nà yá, kí ó jẹ́ pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kí apọfọ̀ sì dúró níbẹ̀ títí wákàtí yóò fi pé, kí ó sọ ohun tí ó ṣe, kí ó sì fara mọ́ ìbínú ẹni tí ó ṣe é fún. Ẹni tí ó ṣe é tán tí ó sá lọ, kò yàtọ̀ sí olè.

Ìgbédè ni mo kọ sí àyè kẹfà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a dé ẹnubodè kan lóòótọ́, àwọn oníbodè méjì sì dínà mọ́ wa, wọ́n ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Ìwé òfin gba Wizard láyè láti pe ìgbédè láìná agbára rẹ̀ rárá, bí ó bá lè fi ìṣẹ́jú 10 kún àkókò tí ó ń gbà. Èyí nìkan jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a ronú lé: nínú eré yìí, sùúrù tó láti fi gbọ́ ẹlòmíràn yé. Àbẹ̀ní jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì gbọ́ wọn. Àìsàn ni ó wà nínú ìlú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé bí àlejò kan bá wọlé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn wà nílé tí ara rẹ̀ kò dá.

Àbúrò mi tí ó ń ṣe Cleric nawọ́ àpò oògùn rẹ̀ sí wọn, a sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé ìwòsàn ni a bá wá. Mo ju dáìsì, ó bọ́ sórí 4. Wọ́n na ọ̀kọ̀ sí wa. Ìta ni a sùn lóru ọjọ́ náà, ìkookò jáde sí wa, wọ́n sì bu ìdajì ẹ̀mí jagunjagun jẹ. Ní òwúrọ̀, oníbodè tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá wa. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi ṣì ń sọ pé mo fi òru kan àti ẹ̀jẹ̀ òun ṣòfò.

N kò fi èyí ṣe ẹ̀rí pé sùúrù a máa lérè nígbà gbogbo. Olùdarí wa lè ṣe é kí oníbodè má wá rárá. Bí kò bá tilẹ̀ wá, ohun tí mo gbà kò ní yí padà, nítorí kì í ṣe èrè ni mo fi wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Èmi yóò fi kún un pé, bí ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú bá tilẹ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ẹni tí a kò rẹ́ jẹ ṣì wà níbẹ̀ ní odindi, a sì lè tún padà lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.

Ní ìparí, ẹ̀yin òbí, olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a ní agbára lórí ẹnì kan. Olùkọ́ ní in lórí akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n ní in lórí àbúrò, ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ilé ní in lórí àwọn òbí rẹ̀. Nígbà mìíràn tí a bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe nǹkan fún wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan kí á tó ṣí ẹnu: bí ó bá mọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe láti mú un gbà, ǹjẹ́ yóò ṣì gbà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí á sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí á kọ́kọ́ jókòó, kí á gbọ́ tirẹ̀.